Boa onímítà méjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún 15: bí ó ṣe bù ú jẹ, àti ohun tí a yí padà

Ejò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ abo boa, irú ejò ńlá kan tí kò lóró, tó ń fún ẹran pa bí òjòlá. Ó gùn ní mítà 2.1, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7, tó sì wọn kìlógíráàmù 7. Ẹni tó ń sìn ín ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọkùnrin ọdún 15 tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ejò náà bù ú jẹ lápá ọ̀tún, ó sì wé mọ́ apá náà títí dé èjìká. Ọgbẹ́ náà ti jinná, ara ọmọ sì ti yá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọmọ Yorùbá tó ń sin ejò nílùú òyìnbó. Ohun tí àwọn òbí irú wọn máa ń gbọ́ kì í sì í ju méjì lọ: ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e jù síta lónìí, ẹlòmíràn á ní kò séwu rárá. Èmi náà ń sin ejò, ó sì pẹ́ díẹ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Wọ́n ra ejò náà nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 9. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ nígbà náà, ó sì lè ká jọ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan. Ẹni tó tà á fún wọn ní kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Bó bá jẹ́ akọ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Abo a máa dé ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8, ó sì lè gbé ju 20 ọdún lọ láyé. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n tó sanwó.

Bàbá ọmọ ló buwọ́ lùwé, nítorí òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 kò gbà kí wọ́n ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní England àti Wales. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé bí ẹranko bá wà níkàáwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún yìí, ọrùn òbí tó ń tọ́jú ọmọ náà ni ẹrù rẹ̀ wà. Àwọn òbí máa ń sọ pé, “Ejò rẹ̀ ni, òun ló mọ̀ ọ́n.” Lójú òfin, ejò bàbá àti ìyá ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa wá yẹ ilé wọn wò. Òfin ọdún 1976 lórí àwọn ẹranko tó léwu ka ejò olóró sí, ṣùgbọ́n boa àti òjòlá kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gùn tó. Gbogbo ìṣọ́ra tó bá máa wà, inú ilé ni yóò ti wá.

Boa kì í ṣe ejò ilẹ̀ wa. Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, kì í sì í yé ẹyin bí òjòlá, ọmọ ló ń bí. Ṣùgbọ́n bí òjòlá ṣe ń pa ẹran ni òun náà ń pa á. Kò ní oró. Á fi ẹnu di ẹran mú, á wé mọ́ ọn, á sì fún un pa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Leeds gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú ìbùjẹ méjì ló wà. Bí ẹ̀rù bá ba ejò, á ta, á bù ni jẹ, á sì tú ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kí o kúrò lọ́dọ̀ òun. Bí ó bá rò pé oúnjẹ ni o jẹ́, kò ní tú ẹnu, ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé orí rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú èkejì yìí, kò sí ìkà. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ náà sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ejò náà ti dalẹ̀ ọmọ òun. Kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni ọmọ nà sí i, ejò sì rò pé èkúté ni.

Kí ló dé tó fi rò bẹ́ẹ̀? Láti oṣù mélòó kan ṣáájú, ọmọ náà ti ń múra ìdánwò GCSE, irú WAEC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé ejò jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á jẹ́ kó rìn lórí ibùsùn, á sì dá a padà. Nígbà tí ìwé pọ̀, ó dá ìyẹn dúró. Ó ṣì ń fún un lóúnjẹ déédéé, èkúté ńlá kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń pààrọ̀ omi, ó ń wo ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ooru. Lójú àwọn òbí rẹ̀, ìtọ́jú tó péye nìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ejò náà kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ: bí gíláàsì àpótí rẹ̀ bá ti ṣí gbọọrọ, tí nǹkan tó gbóná bá wọlé, oúnjẹ dé. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìjàǹbá náà ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé yẹn kàn jẹ́ ọjọ́ tó fojú hàn ni.

Lọ́jọ́ náà, ó yọ èkúté kúrò nínú fìrísà, ó fi sínú ọ̀rá, ó sì rì í sínú abọ́ omi gbígbóná nínú yàrá kí yìnyín ara rẹ̀ lè yọ́. Ó tú ọ̀rá náà, ó fọwọ́ tẹ èkúté wò bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀. Bó ṣe ń dúró, ó rí i pé ejò ti yàgbẹ́ sínú abọ́ omi mímu rẹ̀, ó sì ní kí òun kúkú yọ abọ́ náà kí òun tó fún un lóúnjẹ. Ó ṣí gíláàsì, ó nawọ́ wọlé.

Ẹ wo ohun tó pàdé níbẹ̀. Òórùn èkúté kún yàrá, ó wà lára ìka ọmọ náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àsìkò tí boa máa ń jáde wá oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé. Ejò náà ti ká ọrùn sẹ́yìn bíi lẹ́tà S, orí rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò mira, ahọ́n rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà rí gbogbo èyí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Àǹkú, mo rò pé ó ń wò mí ni.” Ejò tó bá fẹ́ rìn jáde kì í dúró bẹ́ẹ̀. Á na ara, ahọ́n rẹ̀ á máa sáré, á máa yí orí káàkiri. Èyí tó bá ká ọrùn tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìta ló fẹ́ ta.

Ó bù ú jẹ lókè ọrùn ọwọ́. Kó tó mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ejò ti wé ìká mẹ́ta mọ́ apá rẹ̀. Ọmọ náà ṣe ohun dáadáa kan: kò já ọwọ́ gbà. Eyín boa wẹ́wẹ́, ó mú, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá fa ọwọ́ yọ, ara rẹ̀ ló ń fà ya, eyín mìíràn a sì ṣẹ́ sínú ọgbẹ́. Ó dìde pẹ̀lú ejò lápá, ó fi ọwọ́ òsì ṣí kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ti tì láti inú, ó sì ké pe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀. Bàbá ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Èmi ni wọ́n pè. Mo gbọ́ “Jésù!” lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ọmọ láti ẹ̀yìn: “Mọ́mì, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fún mi ni.”

“Ṣé ó kan ọrùn rẹ̀?” ni mo béèrè.

“Kò kan ọrùn. Èjìká ló dé.”

Bí wọ́n bá ní ó kan ọrùn tàbí àyà ni, ǹ bá ní kí wọ́n gbé fóònù mi jù sílẹ̀ kí wọ́n tẹ 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé apá ni, a ní àyè díẹ̀.

“Ẹ má fọwọ́ kan orí ejò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fà á. Ẹ wá ìrù rẹ̀.”

“Mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan yìí.”

“Ẹ fi tówẹ̀lì dì í mú. Ìrù nìkan. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ kéré jù.”

Wọ́n fi tówẹ̀lì dì í mú. Láti ìrù ni a ti ń tú ejò tó bá wé mọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ibi tí iṣan rẹ̀ nípọn jù ló ń bá jà. Wọ́n tú ìká àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ọmọ mú ọwọ́ òsì rẹ̀ wá kó di ibi tí wọ́n ti tú mú, kí ìrù má bàa tún padà wé. Ìká tó wà lókè túbọ̀ fún mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n má dúró. Ìkejì, ìkẹta. Nígbà tí ara ejò kúrò lápá pátápátá, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n mú un lọ sí balùwẹ̀, wọ́n ṣí omi tútù sí ejò lórí, kò tú ẹnu. Mo ní kí wọ́n kán sànítáísà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi tí ètè ti pàdé ara ọmọ. Ẹnu náà yà. Ọmọ ti orí rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí eyín lè jáde bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọlé, wọ́n sì rọra kó ejò sínú àpò kúbúsù, wọ́n so ẹnu rẹ̀.

Ọgbẹ́ náà jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tó tò ní ìlà kọrọdọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gba ìmọ̀ràn ìlera níbẹ̀, wọ́n sì lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eyín kù sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ọdún 14 ti wà lára rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ bí nǹkan ìbá ti rí, kì í ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n. Lọ́dún 2017, ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ọdún 31 kan tó mọ ejò dáadáa kú sínú yàrá tó ti ń sin wọ́n, òun nìkan. Òjòlá tilẹ̀ Áfíríkà, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, ni wọ́n bá níta nítòsí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló fi ju ti ọmọ wa lọ. Lọ́dún 2013, ní ìlú Campbellton ní Kánádà, òjòlá bẹ́ẹ̀ kan já kúrò nínú àpótí rẹ̀, ó sì pa ọmọdékùnrin méjì lójú oorun. Òjòlá yẹn le ju boa lọ, ó sì tóbi jù ú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa ẹran kò yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Dickinson College ní Amẹ́ríkà fi hàn lọ́dún 2015 pé ìfúnpa boa máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹran láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. A ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé èémí nìkan ló ń dí. Bí ejò ńlá bá fún ọrùn ènìyàn, ẹni náà lè má ráyè lo ọgbọ́n tó ní, bó ti wù kó ti pẹ́ tó lẹ́nu ejò sísìn. Ẹlòmíràn tó wà nínú yàrá nìkan ló lè gbà á.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti London lọ bá wọn. Bàbá ọmọ fẹ́ kí ejò lọ. Ìyá ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, ẹ̀rù sì ń ba òun kí ọmọ òun má tilẹ̀ sá. Ọmọ ń sunkún, ó ní ẹ̀bi òun ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí a má tíì ṣe ìpinnu títí a ó fi rí i bóyá ilé náà lè gba ejò tó tóbi tó yìí láìséwu. Mo sì sọ ojú ọ̀rọ̀ fún wọn: bí kò bá sí àgbàlagbà kan tó ṣe tán láti máa dúró ti ọmọ náà, kí wọ́n wá ibòmíràn fún ejò. Èmi kò ka ìyẹn sí ìjìyà fún ọmọ. Ohun tí ejò ẹsẹ̀ bàtà 7 ń béèrè nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Kọ́ mi.”

Kọ́kọ́rọ́ la kọ́kọ́ mú. A yọ èyí tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá, a fi àgádágodo méjì sí gíláàsì àpótí, ìyá sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpótí kò gbọdọ̀ ṣí bí kò bá sí àgbàlagbà tó jí sílẹ̀ nínú yàrá náà gan-an. Nísàlẹ̀ kò tó. Bí ejò bá tún gùn sí i, iye ènìyàn á pọ̀ sí i: ènìyàn kan fún nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ ara rẹ̀ ni mo máa ń lò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ejò ńlá kò jìnnà sí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà la kọ́ ejò ní ohun tó gbàgbé. Ìkọ́ irin gígùn kan la lò, èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀, tí kò mú. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan ejò, á fi ìkọ́ yìí rọra kan ara rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ọrùn. Èkúté kì í fi irin tútù kan ejò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ejò ta sí ìkọ́ náà, ìyá sì fò sẹ́yìn. Mo ní kí ọmọ má yọ ọ́, kó jẹ́ kó wà lára rẹ̀. Ejò tú ọrùn rẹ̀ tó ká, ó na ahọ́n, ó tọ́ irin wò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbà yẹn ni mo ní kí ọmọ fi ọwọ́ kan bọ abẹ́ rẹ̀ ní àárín, kó gbé e, kí ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdajì tó kù. Kò sẹ́ni tó dì í mú gírígírí. Ejò tí ara rẹ̀ bá dúró lórí nǹkan kì í wá ohun tó máa wé mọ́. Ojú mi kò kúrò lára ìyá: ẹni tó ń bẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbọ̀n.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìfún un lóúnjẹ, kí ṣíṣí gíláàsì má bàa jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ nìkan mọ́. Lọ́jọ́ oúnjẹ, inú yàrá ìfọṣọ ni èkúté ti ń yọ́, ẹ̀mú gígùn ni wọ́n sì fi ń nà án sí i, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ wọ àpótí lọ́jọ́ náà. Bó bá ti jẹun, wọ́n á fi í sílẹ̀ ó kéré tán fún ọjọ́ méjì, kó má bàa pọ oúnjẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe bàìbàì, tó funfun bíi pé èéfín bò ó, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò ríran dáadáa, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń fọwọ́ ṣáájú, wọ́n ń fọwọ́ lẹ́yìn: ti ìṣáájú nítorí òórùn, ti ìkẹyìn nítorí kòkòrò Salmonella tí ejò lè ní lára láìṣàìsàn. Àbúrò ọmọ náà tó wà ní ọdún 3 kì í wọ yàrá yẹn mọ́, nítorí kòkòrò yìí le lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ìgò sànítáísà kan wà lórí àpótí, tówẹ̀lì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrùn ló mú àríyànjiyàn wá. Ọmọ náà ní òun ti rí àwòrán àwọn ènìyàn ní ilé ejò Ouidah, ojúbọ kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbé ejò kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, mo mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òjòlá kékeré ni tibẹ̀, èyí tó ṣe pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ, á fi orí pamọ́ sáàárín, kì í sì í sábà gùn tó mítà kan àbọ̀. Àwòrán ejò yẹn kò lè jẹ́ àṣẹ fún boa tó jù ú lọ tó báyìí. Mo ní kó fi ọrùn sílẹ̀ títí láé, kì í ṣe títí di ọdún 18. Ó gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí ni pé ejò ṣì wà nílé, ẹnu rẹ̀ kò tún kan ẹnikẹ́ni, ìyá àti ọmọ sì ń gbé e jáde pọ̀. Ohun tí a kò tíì yanjú ni ti yunifásítì. Lọ́dún mẹ́ta sí i, ọmọ yóò lọ gbé nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọn kò ti ní gbà á láyè láti mú ejò wọlé, ejò náà sì lè ní ọdún 15 sí i láti gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tààrà pé àwọn kò ní dá a tọ́jú. Mo ti ní kí wọ́n má dúró di ọ̀sẹ̀ tó máa kó ẹrù: kí ọmọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ní àyè, tó ní ẹlòmíràn nílé, tó sì ti sin abo boa rí. Ó ti kọ lẹ́tà sí ẹnì kan. Ó fi gígùn ejò náà sínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó ń jẹun, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn náà láìfi nǹkan kan pamọ́.